Èsì wa sí oníbàárà tó ní power bank 20,000 mAh kò kún fóònù òun lẹ́ẹ̀mẹrin

Ẹ kú iṣẹ́, Mà. A dúpẹ́ pé ẹ ra ọjà lọ́wọ́ wa, a sì dúpẹ́ pé ẹ fara balẹ̀ kọ gbogbo ohun tí ojú yín rí, dípò kí ẹ kàn fún wa ní ìràwọ̀ méjì kí ẹ sì máa bá tiyín lọ. Ohun tí ẹ kọ ni pé power bank 20,000 mAh tí ẹ rà kì í kún fóònù yín, tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5,000 mAh, ju ẹ̀ẹ̀mejì àti ààbọ̀ lọ kí ó tó kú, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹrin ni 5,000 wà nínú 20,000. Pé ẹ fi ṣájà fóònù yín àtijọ́ ṣáàjì rẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ gbáko kí ẹ tó kọ́kọ́ lò ó, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ó lé díẹ̀ péré ló kún fóònù náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Pé láti ìgbà náà ni ẹ ti ń jẹ́ kí ó gbẹ tán pátápátá kí ẹ tó tún fi í sí iná. Àti pé ẹ̀gbọ́n yín ra 100,000 mAh níbòmíràn ní owó tí kò tó tiwa. Ẹ wá parí ọ̀rọ̀ sí pé ayédèrú ni a tà fún yín. Àwọn oníbàárà mìíràn ti dá sí i, ọ̀pọ̀ wọn ló sì gbà pẹ̀lú yín, nítorí náà a rò pé ó yẹ kí a dáhùn ní gbangba, kí a sì dáhùn dáadáa.

Ìṣirò yín bọ́ sí ojú ọ̀nà bí a bá wo nọ́ńbà ńlá tó wà níwájú ọjà náà nìkan. Ibi tí wàhálà wà ni pé mAh kì í ṣe òdiwọ̀n gbogbo agbára tó wà nínú bátìrì. Ó ń sọ bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó àti bí yóò ṣe pẹ́ tó, ṣùgbọ́n kò sọ volt tí iná náà fi ń jáde, láìsí volt a kò sì lè mọ iṣẹ́ tí iná ọ̀hún lè ṣe. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá sọ pé òun ra gàrí abọ́ ogún, tí kò sọ bí abọ́ náà ṣe tóbi tó. Bátìrì lithium tó wà nínú power bank ń ṣiṣẹ́ ní nǹkan bí 3.7V, níbẹ̀ sì ni àwọn tó ṣe é ti ka 20,000 mAh wọn. Ojú ihò USB ní tirẹ̀ kì í gbé 3.7V jáde, 5V ni ó máa ń gbé jáde bí kò bá sí àdéhùn mìíràn láàárín òun àti fóònù, nítorí náà pátákó kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbé volt náà sókè. Bí volt bá ti lọ sókè, mAh gbọ́dọ̀ wálẹ̀, nítorí agbára tó wà nínú bátìrì kò pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe é papọ̀. 20,000 mAh jẹ́ 20 Ah, nítorí 1,000 mAh ni Ah kan. Bí ẹ bá sọ ọ́ di ìlọ́po 3.7V, 74 Wh ni ẹ ó rí. Wh yìí, ìyẹn watt-hour, gan-an ni òdiwọ̀n agbára. Bí ẹ bá tún fi 5V pín 74 Wh náà, ó di 14,800 mAh, kí a tó yọ ohunkóhun tó ṣòfò kúrò nínú rẹ̀. Pátákó tó ń gbé volt sókè máa ń gbóná díẹ̀ bí ó ti ń ṣiṣẹ́, ooru náà sì jẹ́ iná tí kò ní dé inú fóònù yín mọ́. Kódà nínú èyí tí wọ́n ṣe dáadáa, ìdá 10 sí 15 nínú 100 lè lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yí power bank yín padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ nísàlẹ̀: nínú lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà níbẹ̀, ẹ ó rí “rated capacity”, ẹ ó sì rí i pé 12,000 mAh ní 5V ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀. Èyí ni iye tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ṣèlérí pé yóò jáde láti ojú ihò náà, 60 Wh ni ó sì jẹ́.

Bátìrì fóònù yín náà ní Wh tirẹ̀. Irú bátìrì 5,000 mAh bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ṣiṣẹ́ ní nǹkan bí 3.85V, tí í ṣe 19 Wh ó lé díẹ̀. Fóònù tún gbọ́dọ̀ sọ iná tó gbà di ìwọ̀n tí bátìrì rẹ̀ fẹ́, yóò gbóná nígbà tó bá ń ṣe é, wáyà náà yóò sì jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ohun tí ó yẹ kí ènìyàn máa retí lọ́wọ́ 60 Wh yẹn ni kí ó kún fóònù bíi tiyín lẹ́ẹ̀mejì àti ààbọ̀ sí ẹ̀ẹ̀mẹta tí kò pé. Ibi tí tiyín dé náà nìyẹn. Ẹ tilẹ̀ kọ ọ́ pé ẹ máa ń tan hotspot fún kọ̀ǹpútà yín ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ, tí fóònù sì wà lórí power bank. Iná tí hotspot ń jẹ lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ kò dé inú bátìrì rárá kí ẹ tó lè kà á mọ́ èyí tó kún.

Ọ̀nà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń gbà kọ nọ́ńbà yìí kò dùn mọ́ wa nínú. Wọn kò purọ́, nítorí pé 20,000 mAh wà nínú bátìrì náà lóòótọ́, gbogbo wọn ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ń kọ ọ́ bákan náà. Síbẹ̀ wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ń rà á yóò fi mAh fóònù pín in, wọ́n sì fi lẹ́tà gàdàgbà kọ èyí tó ń dùn ún rà, wọ́n fi lẹ́tà tí a nílò awò ojú láti kà kọ èyí tó wúlò. Àwọn ọkọ̀ òfurufú ní tiwọn kò fi mAh ṣe ohunkóhun. Wh ni wọ́n ń béèrè: èyí tí kò bá ju 100 Wh lọ, ẹ lè gbé e wọ ọkọ̀ láìgba àyè, láti 100 sí 160 Wh, ẹ gbọ́dọ̀ gba àyè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú náà, èyí tó bá ju 160 Wh lọ, wọn kò ní jẹ́ kí ẹ gbé e. Èyíkéyìí tó bá sì jẹ́, inú àpò ọwọ́ ni yóò wà, kì í ṣe inú ẹrù tí wọ́n ń kó sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ power bank ńlá fi ń dúró sí nǹkan bí 27,000 mAh, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kan 100 Wh.

Èyí gbé wa dé ọ̀dọ̀ 100,000 mAh ti ẹ̀gbọ́n yín. A kò fọwọ́ kan ọjà náà, a kò sì ní sọ̀rọ̀ ẹni tó tà á, ṣùgbọ́n ẹ lè fi òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹran yẹ̀ ẹ́ wò nínú ilé. Ọ̀kan lára bátìrì lithium tó wọ́pọ̀ jùlọ ni ti roboto tí wọ́n ń pè ní 18650, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 18, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 65. Ọ̀kan ṣoṣo máa ń wọ̀n tó gíráàmù 45 sí 50, èyí tó sì dára jù nínú wọn kì í ju nǹkan bí 3,500 mAh lọ. Kí 100,000 mAh tó lè pé, ó gbọ́dọ̀ tó 29 irú rẹ̀, tí bátìrì nìkan, láìka páálí, pátákó àti ike, yóò fi ju kìlógíráàmù kan àti gíráàmù 300 lọ, tí agbára rẹ̀ yóò sì jẹ́ 370 Wh. Bí ohun tí ẹ̀gbọ́n yín rà bá wọ àpò ṣòkòtò, tí ó sì fúyẹ́ lọ́wọ́, nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ kò lè jẹ́ òótọ́, ẹnikẹ́ni tí ì báà tà á. Bí ó bá sì wúwo, a ò lè tìtorí ìyẹn sọ pé ó dára, nítorí wọ́n ti tú àwọn ayédèrú kan wò rí tí wọ́n sì bá iyanrìn nínú wọn. Èyí tó sàn jù ni kí ó ka iye ìgbà tó kún fóònù rẹ̀, kí ó sì ṣe ìṣirò tí a ṣe lókè yìí.

Ní ti wákàtí mẹ́jọ, ẹnì kan kọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ yín pé bátìrì tuntun ń sùn ni, pé ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi wákàtí mẹ́jọ jí i, kí ẹ sì máa gbẹ ẹ́ tán kí ó má baà “gbàgbé” ìwọ̀n rẹ̀. Ìmọ̀ràn yìí ti pẹ́, kì í sì í ṣe pé wọ́n kàn dá a sílẹ̀ lórí asán. Àwọn bátìrì nickel-cadmium tó wà nínú rédíò alágbèéká àwọn ọlọ́pàá, nínú ẹ̀rọ ìgẹrun àti nínú àwọn fóònù ayé àtijọ́ lè dín kù lóòótọ́ bí ènìyàn bá ń ṣáàjì wọn láàárín méjì. Lọ́dún 1991 ni ilé-iṣẹ́ Sony gbé bátìrì lithium-ion wá sí ọjà, irú èyí tó wà nínú fóònù yín àti nínú power bank náà lónìí, àṣà ti nickel-cadmium kò sì bá a ṣe. Lithium kò nílò kí a jí i, kò sì fẹ́ kí a máa gbẹ òun tán. Gbígbẹ ẹ tán lójoojúmọ́ ń tètè gbó o ni. Bí ó bá sì gbẹ tán tí ẹ gbàgbé rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ fún oṣù mélòó kan, ó lè lọ sílẹ̀ débi tí kò ní gba iná mọ́. Ẹ máa fi í sí iná nígbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, kódà bí ó bá ku ààbọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò ní oorun kankan nínú. Ẹ kọ ọ́ pé 5V àti 1A ló wà lára ṣájà àtijọ́ náà; bí ẹ bá sọ 5V di ìlọ́po 1A, watt márùn-ún nìyẹn. Watt márùn-ún fún wákàtí mẹ́jọ jẹ́ 40 Wh, bátìrì yín sì nílò 74 Wh àti èyí tí yóò ṣòfò lójú ọ̀nà. Ìdajì rẹ̀ ni ẹ kún, ìdí nìyí tó fi kún fóònù lẹ́ẹ̀kan ó lé díẹ̀. Nígbà tí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí lo ṣájà watt 18 ti ọkọ yín, ó ń kún tán, ó sì ń ṣe ẹ̀ẹ̀mejì àti ààbọ̀. Kì í ṣe pé bátìrì náà ti mọ́ra. Pẹ̀lú ṣájà ńlá yẹn, nǹkan bí wákàtí márùn-ún ti tó. Pẹ̀lú ti àtijọ́, ó lè ju wákàtí mẹ́rìndínlógún lọ, iye iná ìjọba tí ọ̀pọ̀ àdúgbò kì í rí gbà lóòjọ́. Ẹ má fi aago wọ̀n ọ́ mọ́. Iná wẹ́wẹ́ mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ máa wò: nígbà tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá tàn tí èyíkéyìí nínú wọn kò ṣẹ́jú mọ́, ó ti kún, yóò sì dá gbígba iná dúró fúnra rẹ̀.

Ẹlòmíràn tún kìlọ̀ fún yín pé ojú ihò watt 22.5 tó wà lára rẹ̀ yóò jó fóònù tí kò fẹ́ ju watt 10 lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fóònù ló ń fa iná. Power bank kì í tì í wọ inú rẹ̀. 5V ni ó máa ń kọ́kọ́ fún ohunkóhun tí ẹ bá so mọ́ ọn, kò sì ní gbé e sókè àfi bí fóònù náà bá béèrè fún un. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ni òdìkejì rẹ̀: àwọn fóònù kan ní ọ̀nà ìṣáàjì kíákíá tó jẹ́ tiwọn nìkan, bíi VOOC ti Oppo, bí power bank kò bá sì gbọ́ èdè náà, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa kún, láìṣe fóònù ní jàm̀bá. Ooru ni kí ẹ máa sá fún, pàápàá lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ lọ́sàn-án tàbí lábẹ́ ìrọ̀rí.

Àlàyé kò lè rọ́pò àyẹ̀wò, nítorí náà, Mà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé power bank náà wá sí ṣọ́ọ̀bù wa lẹ́yìn tí ó bá ti kún, kí ẹ mú wáyà rẹ̀ dání. A ní ẹ̀rọ kékeré kan tí a ń kì bọ ojú ihò USB, tí ó ń ka Wh bí iná ti ń jáde. Níṣojú yín ni a ó so ó mọ́ ohun tí yóò máa fa watt mẹ́wàá, a ó sì fi í sílẹ̀ títí yóò fi kú. Èyí máa ń tó nǹkan bí wákàtí mẹ́fà, nítorí náà ẹ lè gbé e sílẹ̀ láàárọ̀ kí ẹ padà wá wò ó lálẹ́ kí a tó ti ṣọ́ọ̀bù. Bí ohun tó kà kò bá tó 55 Wh, a ó gba ọjà wa, a ó sì dá owó yín padà lọ́jọ́ náà, kódà bí ẹ kò bá rí páálí rẹ̀ mọ́. Bí ó bá sì pé, a kò ní kí ẹ yí iye ìràwọ̀ yín padà. Kí ẹ kàn bá wa fi nọ́ńbà tí ẹ̀rọ náà kà kún ohun tí ẹ ti kọ, kí ẹni tó bá fẹ́ rà á lẹ́yìn yín lè rí i.