Irọ́ ni pé ọkọ̀ currach kò lè kojú òkun

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí currach, ọkọ̀ kékeré tí àwọn apẹja ń wà ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Ireland, á ní adágún nìkan ló lè gbé e. Aṣọ kánfáásì tí wọ́n kùn ní ọ̀dà ni, lórí egungun igi tẹ́ẹ́rẹ́. Ìgbì kan péré, ó ti tán!

Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Fífúyẹ́ tó fúyẹ́ gan-an ló ń kó o yọ. Ọkọ̀ tó wúwo a máa ki imú bọ inú ìgbì, omi á sì ya wọlé. Currach kì í jìn sínú omi; ìgbì á gbé e sókè, á tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Etí ọkọ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ kàn. Wọ́n á dojú rẹ̀ dé, wọ́n á tẹ àwọn igi ìhà bọ inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sí i, wọ́n á wá kan pẹlẹbẹ igi gígùn láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí wọ́n tó na aṣọ lé e, kí wọ́n sì fi ọ̀dà kùn ún. Bí omi bá gbá a, igi wọ̀nyí á tẹ̀ díẹ̀, wọn ò ní ṣẹ́. Àjẹ̀ rẹ̀ náà tín-ín-rín dé ẹnu, kí afẹ́fẹ́ má baà rí nǹkan gbá mú. Igi onígun mẹ́ta kan wà lára àjẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ní ihò, èèkàn kan tó wà létí ọkọ̀ ló sì ń wọ inú rẹ̀. Apẹja lè jọ̀wọ́ àjẹ̀ kó fa àwọ̀n, kò ní bọ́ sómi.

Awọ màlúù ni wọ́n ń fi bò ó láyé àtijọ́. Tim Severin, arìnrìn-àjò kan tó tún jẹ́ òǹkọ̀wé, kan irú rẹ̀, ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 36, awọ 49 ló sì bò ó. Ó gbéra ní Ireland ní 1976, ó dúró fún ìgbà òtútù ní Iceland, ó sì gúnlẹ̀ sí Newfoundland ní Canada ní 1977. Yìnyín tó léfòó lórí òkun dá ọkọ̀ náà lu lójú ọ̀nà. Wọ́n rán awọ lé ojú ihò náà lójú òkun níbẹ̀.

Òkúta lọ̀tá rẹ̀ gan-an. Ẹ má wọ́ ọ lórí iyanrìn: ẹ gbé e lé èjìká wọ omi, kó léfòó kí ẹ tó wọlé. Igi ìhà ni kí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀, kì í ṣe àlàfo àárín wọn. Lórí ilẹ̀, ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ fi okùn àti òkúta dè é mọ́lẹ̀, torí afẹ́fẹ́ lè gbé òfìfo rẹ̀ lọ.