Ẹ̀wù Aláràbarà Dolly Parton àti Ẹ̀rọ Ìránṣọ Màámi

Aṣọ tí Dolly Parton, olórin ará Amẹ́ríkà, kọrin nípa ẹ̀ ní 1971 yẹn, èmi náà wọ irú ẹ̀ rí, ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn níbí.

Télọ̀ ni màámi. Ṣọ́ọ̀bù wọn ò ju ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ kan, tábìlì kan àti bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà ń jókòó lé. Lábẹ́ tábìlì yẹn ni àpò ìrẹsì kan máa ń wà tí wọ́n ń kó àjákù aṣọ sí: etí àǹkárá, ègé àdìrẹ, léèsì tó ṣẹ́kù lára bùbá ẹni ẹlẹ́ni. Nígbà tí mo wà ní pírámárì fáìfù, wọ́n ní kí kálukú wọ aṣọ ìbílẹ̀ wá lọ́jọ́ ìparí ọdún. Owó aṣọ tuntun ò sí nílé. Màámi da àpò yẹn sílẹ̀, wọ́n ṣa àjákù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi áyọ́ọ̀nù eléèédú na gbogbo ẹ̀, wọ́n wá ń tò ó mọ́ra títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí iná lọ, èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú tí wọ́n fi rán ọrùn ẹ̀.

Bí mo ṣe yọ ní géètì báyìí, àwọn ẹgbẹ́ mi pariwo: "Eégún ń bọ̀ o!" Ẹni tó bá dàgbà n'Ìbàdàn mọ ohun tí wọ́n rí. Ègé lórí ègé, àwọ̀ lórí àwọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀wù eégún. Mo sunkún délé. Màámi ò bínú rárá. Wọ́n ní, "Ṣé o ti rí eégún tó wọ aṣọ yẹpẹrẹ rí? Gbogbo ìdílé ló ń dá aṣọ jọ kí wọ́n tó rán ti eégún. Ẹni tó bá fi ẹ́ wé eégún, ó gbé ẹ ga ni."

Ó pẹ́ gan-an kí n tó fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí Dolly ń sọ nínú orin yẹn, Coat of Many Colors. Ẹnu yà mí. Lórí òkè Tennessee ni wọ́n ti bí i, ọmọ méjìlá ni ìyá rẹ̀ bí, kò sówó. Ìyá náà fi àkísà tí wọ́n fi ta wọ́n lọ́rẹ rán kóòtù fún un. Bó ṣe ń rán an ló ń sọ ìtàn Jósẹ́fù àti ẹ̀wù aláràbarà inú Bíbélì fún ọmọ. Ọmọ wọ̀ ọ́ lọ sílé ẹ̀kọ́ tayọ̀tayọ̀, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí orin náà sọ sí i lọ́kàn, òun àti Porter Wagoner, olórin tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ nígbà náà, ló jọ wà lórí ìrìnàjò, kò rí ìwé, ló bá kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì tí àwọn alágbàfọ̀ fi sára kóòtù Porter. Orin aṣọ, ara aṣọ náà ló ti rí ìwé.

Èrò ọkàn mi ni pé kò sí orin òyìnbó tó bá ìwà wa mu tó kọ́ńtírì, orin ìgbèríko Amẹ́ríkà tí Dolly ń kọ. Ó ń sọ ìtàn, kò kánjú, ẹ sì máa gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá sọ. Ó máa ń dùn mí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí bá ń pe orin Jim Reeves, olórin kọ́ńtírì àtijọ́, ní orin òkú, torí pé níbi ìsìnkú àwọn bàbá àgbà ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Ẹ gbọ́ He'll Have to Go, ti 1959. Ó sọ ohùn kalẹ̀ pátápátá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹnu kan maikirofóònù, bí ẹni tó ń bá olólùfẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù nígbà tí ẹlòmíì jókòó tì í. Ṣé orin òkú nìyẹn? Bàálù ló já pẹ̀lú ẹ̀ ní July 31, 1964, kò tíì pé ẹni ọdún 41. Lọ́dún 1966, Distant Drums ṣì gba ipò kìíní ní Ìlú Ọba.

Ti Don Williams, olórin kọ́ńtírì mìíràn, ẹ̀rí kan ni mo ní. Mo wọ Micra láti Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ kan, oòrùn mú, gbogbo wa ti ń jà lórí ṣéńjì. Awakọ̀ fi You're My Best Friend sí i. Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ títí a fi dé Mọ́kọ́lá.

Mo fẹ́ràn orin pọ́ọ̀pù náà. Ìgbà tí Whitney Houston gbé I Will Always Love You jáde ní 1992, kò sí ìdíje orin nílé ẹ̀kọ́ wa tí ẹnì kan ò ti ní gbìyànjú ẹ̀. Ohùn Whitney ga, ó mọ́, mi ò ní bú u láéláé. Ṣùgbọ́n ti Dolly, ti 1974, ni mo yàn. Ìgbà tó fẹ́ kúrò lẹ́yìn Porter Wagoner ló kọ ọ́, ó fi ń dágbére fún ọ̀gá ẹ̀. Ẹni tó ń dágbére fún ẹni tó tọ́ ọ kì í pariwo. Elvis náà fẹ́ kọ orin yẹn, alákòóso rẹ̀ ní kí Dolly fi ìdajì ẹ̀tọ́ orin náà sílẹ̀ fún wọn. Dolly fi omijé kọ̀ ọ́. Mo gbóṣùbà fún un.

Ẹni tó bá sì ní kí ló kan Yorùbá nínú kọ́ńtírì, kó lọ gbọ́ Juju Music tí King Sunny Ade ṣe ní 1982. Gìtá tó ń fa ohùn gùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè láìjá yẹn, pedal steel ni, gìtá àwọn ará Nashville, ìlú orin kọ́ńtírì, gan-an. Wọ́n á tẹ́ ẹ kalẹ̀ bíi tábìlì, wọ́n á máa fi irin yọ̀ lórí okùn ẹ̀, ẹsẹ̀ á máa tẹ pẹ́dà nísàlẹ̀. Demola Adepoju ló ń ta á. Ẹ fi etí sí i dáadáa: bí gángan ṣe ń fọ ohùn náà ló ń fọ̀ ọ́. Ó bá èdè wa lára mu ni.

Oníbàárà kan ló fún màámi ní kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gba gbogbo àwọn orin wọ̀nyí jọ sí. Tí téèpù ẹ̀ bá lọ́, bírò la fi ń yí i padà. Màámi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju gúdú mọ́nìn lọ, àmọ́ wọ́n ń hùn ún tẹ̀lé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ.

Mo lọ kí wọn lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Wọn ò ránṣọ mọ́, ojú ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Mo fi orin kóòtù yẹn sí i lórí fóònù. "Hàà, orin ṣọ́ọ̀bù!" Ló bá wá sí mi lọ́kàn pé mi ò túmọ̀ ẹ̀ fún wọn rí. Mo dá a dúró, mo túmọ̀ ẹsẹ kan, mo tún jẹ́ kó máa lọ. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n gbójú sókè.

"Ta ló rán an fún un?"

"Ìyá ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ń fọwọ́ wá ojú abẹ́rẹ́ létí ìró wọn.

"Tún un fi sí i."