Ọkà Jẹ́ríkò

Èrò ọkàn mi nìyí o: ẹni tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ àwọn awalẹ̀pìtàn gbe Bíbélì lẹ́yìn, kó má ṣa èyí tó dùn mọ́ ọn nìkan.

Ẹ wo Jẹ́ríkò. Awalẹ̀pìtàn Kathleen Kenyon walẹ̀ níbẹ̀ láti 1952 sí 1958, ó sì bá ìkòkò tí ọkà kún inú wọn, tí iná ti jó o di dúdú. Àwọn oníwàásù fẹ́ràn ọkà yìí, wọn ò sì jẹ̀bi: ìlú tí ọkà rẹ̀ ṣì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìsàgatì rẹ̀ kò lè pẹ́, kò sì tíì pẹ́ tí wọ́n kórè. Ìwé Jóṣúà gan-an nìyẹn. Àmọ́ Kenyon yìí kan náà sọ pé nǹkan bí 1550 ṣáájú ìbí Kristi ni ìlú náà jó. Ẹni tó bá ka 480 ọdún inú 1 Ọba 6:1 sẹ́yìn láti ìgbà Sólómọ́nì dé ìjáde kúrò ní Íjíbítì, tó wá yọ ogójì ọdún inú aginjù, nǹkan bí 1406 ṣáájú ìbí Kristi ni yóò bá Jóṣúà. Èyí kì í dé orí àga ìwàásù.

Awalẹ̀pìtàn Bryant Wood ta ko Kenyon ní 1990, ẹjọ́ rẹ̀ sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ níbì kan: àìrí àpáàdì ilẹ̀ Kípírù ni Kenyon gbára lé jù láti mọ ọdún náà, bẹ́ẹ̀ ibi kékeré ló gbẹ́. Wood tún mú èédú kan láti Jẹ́ríkò, tí British Museum díwọ̀n sí 1410 ṣáájú ìbí Kristi, wá. Họ́wù, British Museum fúnra wọn ló padà sọ pé àṣìṣe wọnú ìdíwọ̀n àsìkò yẹn, wọ́n sì tún un ṣe! 1410 ọ̀hún ṣì ń rìn kiri títí dòní.

Ní 1995, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Hendrik Bruins àti Johannes van der Plicht fi kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ díwọ̀n ọjọ́ orí ọkà yẹn gan-an. Àárín 1600 sí 1500 ṣáájú ìbí Kristi ló bọ́ sí. Ẹ ò lè pè é ní ẹlẹ́rìí lórí ìsàgatì, kí ẹ wá di í lẹ́nu lórí ọdún.

Àwọn alátakò Bíbélì náà ń ṣa èyí tó dùn mọ́ wọn. Òkúta àtijọ́ tí wọ́n kọ̀wé sí, tí wọ́n rí ní Tel Dan ní Ísírẹ́lì ní 1993, dárúkọ ilé Dáfídì, síbẹ̀ àwọn kan ń wá ọ̀nà míì láti kà á.

Tí ẹ bá ní ìdíwọ̀n kábọ́ọ̀nù máa ń fi ọdún kún ọdún fún ìgbà yẹn, ìyẹn lójú: irú awuyewuye bẹ́ẹ̀ wà lórí ọdún tí òkè ayọnáyèéfín Thera ní ilẹ̀ Gíríìsì bú gbàmù. Ẹ jẹ́ ká jà lórí ìyẹn, mo ti ṣetán.