Ta ni kó jẹ ìyà yàrá ìmúra: agbábọ́ọ̀lù ni àbí ẹgbẹ́ rẹ̀?

Adéolú_Eré: Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ní ìparí oṣù October 2013, Jonathan Martin tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Miami Dolphins ní Amẹ́ríkà (bọ́ọ̀lù tiwọn, èyí tí wọ́n ń gbé mọ́ àyà sáré) gbé oúnjẹ rẹ̀, ó lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí tábìlì. Bó ṣe ní kóun jókòó báyìí, gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ó ku òun nìkan. Ó da oúnjẹ náà mọ́lẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ, kò sì gbá bọ́ọ̀lù fún wọn mọ́. NFL tó ni líìgì ní kí lọ́yà kan tó ń jẹ́ Ted Wells wádìí ọ̀rọ̀ náà. Àbọ̀ rẹ̀ jáde ní February 2014, ojú ewé 144. Ó ní ẹlẹgbẹ́ Martin kan, Richie Incognito, àti àwọn méjì tó ń tẹ̀lé e lẹ́yìn ló ń fòòró ọmọkùnrin yìí, wọ́n ń bú ìyá rẹ̀, wọ́n ń sọ ìsọkúsọ nípa ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin. Dolphins dá Incognito dúró, wọ́n lé kóòṣì kan àti olórí àwọn tó ń tọ́jú ara agbábọ́ọ̀lù. Àmọ́ líìgì kò gba sẹ́ńtì kan lọ́wọ́ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀. Ká ní ẹ̀yin lẹ ni líìgì, kí lẹ máa fi ṣe Dolphins?

Póìntì_Pọ́nbélé: Ẹ yọ póìntì wọn! Póìntì mẹ́wàá. Wọ́n á gbọ́n.

Jagunlabí: Mo rí ibi tí wọ́n ti ní ó da oúnjẹ mọ́lẹ̀. Kí ni oúnjẹ ṣe fún un?

Ẹ̀rín_Kèékèé: @Jagunlabí nínú gbogbo ìtàn yìí, oúnjẹ lo wá káàánú 😂

Baba_Àlàmú: Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Ọkùnrin tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ínǹṣì márùn-ún, tó wọ̀n ju 140 kílò lọ, ni wọ́n ní wọ́n fòòró? Ta ló ń fòòró erin? Eré tí wọ́n ti ń forí sọ orí ni eré yẹn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lé jáde nínú ilé, kí ló fẹ́ lọ ṣe lórí pápá? Líìgì kò ní nǹkan kan í bá ẹgbẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ ilé ni, kí wọ́n parí ẹ nílé.

Tóyìn_Kò_Gbà: @Baba_Àlàmú o ò ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ara ló wọ̀n tó 140 kílò, ta ló gbé ọkàn rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n? Àwọn èèyàn yẹn ní ìwé kékeré kan tí wọ́n ń kọ owó ìtanràn ara wọn sí. Incognito bu 200 dọ́là lé ara rẹ̀. Ìdí tí wọ́n kọ síbẹ̀? Pé ó "fọ́" Martin. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀, ó ránṣẹ́ sí ẹnì kan pé kó ba ìwé yẹn jẹ́. Ṣé ẹni tó ń ṣeré ló máa ń sáré pa ẹ̀rí eré rẹ̀ rẹ́?

Baba_Àlàmú: "O ò ka"? Ta lò ń pè ní "o"?

Lékè_Afẹ̀sọ̀ṣe: Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí NFL ti ṣe fún àwọn mìíràn. Ní 2012, wọ́n ní New Orleans Saints ń fún agbábọ́ọ̀lù lówó kí wọ́n lè ṣe alátakò léṣe. Wọ́n bu 500,000 dọ́là lé ẹgbẹ́ náà, wọ́n gba ẹ̀tọ́ méjì lọ́wọ́ wọn nínú dráfùtì tí wọ́n fi ń mú ọmọ tuntun, kóòṣì wọn Sean Payton sì fi odindi sáà kan rọ́kún nílé. Ní 2015, New England Patriots, nítorí atẹ́gùn tí wọ́n ní wọ́n dín kù nínú bọ́ọ̀lù: mílíọ̀nù kan dọ́là, àti ẹ̀tọ́ dráfùtì méjì. Atẹ́gùn o! Ẹ yọ atẹ́gùn inú bọ́ọ̀lù, mílíọ̀nù kan. Ẹ wá yọ ẹ̀mí inú ọmọ ènìyàn, wọ́n ní kí ẹ lọ parí ẹ nílé.

Ẹ̀rín_Kèékèé: Bọ́ọ̀lù ní alágbàwí ju Martin lọ 😭

Tóyìn_Kò_Gbà: @Baba_Àlàmú mi ò mọ̀ yín rí. Àwòrán kìnnìún lẹ fi síbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà wo ni kí n ti rí ọjọ́ orí kìnnìún?

Baba_Àlàmú: "Baba" wà níwájú orúkọ mi. Àbí ìyẹn náà ò hàn sí ọ?

Jagunlabí: Èmi náà ní Jagun níwájú tèmi, mi ò tíì bá ẹnikẹ́ni jà rí.

Póìntì_Pọ́nbélé: PÓÌNTÌ NI KÍ WỌ́N YỌ. Ìyẹn nìkan ló máa ń dun ẹgbẹ́.

Ọmọ_Akọ́ni: Èmi fara mọ́ Baba. Ọ̀gá tó ni ẹgbẹ́ kò sí nínú yàrá yẹn. Báwo lẹ ṣe máa gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ohun tó ń lọ? Àwọn agbábọ́ọ̀lù tó bú èèyàn ni kẹ́ ẹ mú.

Lékè_Afẹ̀sọ̀ṣe: @Ọmọ_Akọ́ni kò mọ̀ kẹ̀? Incognito yìí wà nínú ìgbìmọ̀ àwọn aṣáájú ẹgbẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló dìbò yàn án. Kóòṣì tó ń darí ìsọ̀rí tí Martin àti Incognito wà, Jim Turner, Wells ní òun náà bá wọn dá sí ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ń fi agbábọ́ọ̀lù mìíràn ṣe. Ọmọ Jàpáàn kan tó jẹ́ igbákejì olùtọ́jú ara náà jẹ nínú èébú yẹn. Nígbà tí kóòṣì bá ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ta ni ọmọ yẹn fẹ́ lọ fẹjọ́ sùn? Tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n mú agbábọ́ọ̀lù nìkan, ẹ rántí ọ̀rọ̀ Saints. Agbábọ́ọ̀lù mẹ́rin ni wọ́n dá dúró, wọ́n pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ó délẹ̀ tán ní December 2012, Paul Tagliabue tó ti ṣe ọ̀gá NFL rí fagi lé ìyà àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ti ẹgbẹ́ àti tàwọn kóòṣì ló dúró. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ẹgbẹ́ ni kí wọ́n dì mú.

Ọmọ_Akọ́ni: Ó gùn jù, mi ò kà á. Agbábọ́ọ̀lù ni kí wọ́n mú.

Àdùkẹ́_Òru: Ẹ jọ̀ọ́, dolphin kọ́ ni ẹja tó máa ń fò sókè nínú omi yẹn?

Ẹ̀rín_Kèékèé: Òun ni. Àmọ́ kì í ṣe ẹja. Ó ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú.

Àdùkẹ́_Òru: Ẹja tó ń fún ọmọ lọ́mú? Ẹ fi mí sílẹ̀.

Jagunlabí: Ẹranko ni o. Ihò tó wà lórí rẹ̀ ló fi ń mí, ó gbọ́dọ̀ jáde wá mí afẹ́fẹ́ ni.

Àdùkẹ́_Òru: Ohun tó ń gbé inú omi, tó ní lẹbẹ, tí wọ́n wá ní kì í ṣe ẹja. Ayé ti bàjẹ́.

Baba_Àlàmú: @Tóyìn_Kò_Gbà mo ṣì ń dúró. Nígbà tiwa, àgbà ò ní sọ̀rọ̀ kí ọmọdé ní "o ò kà". Irú ẹ̀yin tí wọn ò bá wí nílé lẹ máa ń wá sọ pé wọ́n fòòró yín bí wọ́n bá fi yín ṣẹ̀fẹ̀ díẹ̀.

Tóyìn_Kò_Gbà: Háà. Ìyá mi wọ ọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ ẹ̀ rí i bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀? Ọ̀rọ̀ Martin là ń sọ, ẹ ti dé ilé wa.

Ẹ̀rín_Kèékèé: Ẹ gbé ìwé ìtanràn wá. @Baba_Àlàmú 200 dọ́là.

Baba_Àlàmú: @Ẹ̀rín_Kèékèé ìwọ náà?

Mọ́rẹ́nikẹ́_Kíríkẹ́ẹ̀tì: Ẹ dárí jì mí o, ọ̀rọ̀ póìntì yẹn kì í ṣe àwàdà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Azeem Rafiq tó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì sọ bí wọ́n ṣe fi ẹ̀yà òun fòòró òun ní ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì Yorkshire. Ní 2023, wọ́n yọ póìntì 48 lára ẹgbẹ́ náà nínú ìdíje County Championship, wọ́n yọ mẹ́rin nínú ìdíje kúkúrú, wọ́n tún bu 400,000 pọ́n-ùn lé wọn. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí: nínú owó yẹn, 300,000 jẹ́ èyí tí wọn ò ní san àfi tí wọ́n bá tún ṣẹ̀. Póìntì ló dùn wọ́n gan-an. Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni pé àwọn ọmọ tó gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún wọn ní 2023, púpọ̀ nínú wọn kò sí níbẹ̀ nígbà tí nǹkan yẹn ṣẹlẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sáà láti inú kòtò tí ẹlòmíràn gbẹ́.

Póìntì_Pọ́nbélé: Ẹ Ẹ̀ RÍ I!!! PÓÌNTÌ 48!!! Mo sọ ọ́ láti àárọ̀!

Lékè_Afẹ̀sọ̀ṣe: @Póìntì_Pọ́nbélé ọ̀rẹ́ mi, NFL kò ní tábìlì póìntì. Iye ìgbà tí ẹgbẹ́ wọlé àti iye ìgbà tó fìdí rẹmi ni wọ́n ń kà. Kí ni wọ́n máa yọ?

Póìntì_Pọ́nbélé: Kí wọ́n kọ́kọ́ fún wọn ní póìntì, kí wọ́n wá yọ ọ́.

Ẹ̀rín_Kèékèé: 😂😂😂 Ẹ fi ọkùnrin yìí ṣe ọ̀gá líìgì lónìí olónìí.

Mọ́rẹ́nikẹ́_Kíríkẹ́ẹ̀tì: Nínú NFL, dráfùtì ló dà bíi póìntì. Ẹ gba ọmọ tuntun ìpele àkọ́kọ́ lọ́wọ́ wọn, ọ̀gá tí kò sí nínú yàrá yẹn á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọbẹ̀ lọ wò ó.

Ọmọ_Akọ́ni: Agbábọ́ọ̀lù ni kí wọ́n mú.

Tóyìn_Kò_Gbà: Wọ́n kúkú mú un. Incognito lọ sí Buffalo Bills ní 2015, ọdún mẹ́ta léra wọn ni wọ́n yàn án mọ́ àwọn tó gbá Pro Bowl, ìyẹn àwọn tó dáa jù. Martin lọ sí San Francisco 49ers, ní 2015, ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ẹni tó fọ́ èèyàn ń gba oyè, ẹni tó fọ́ ti kúrò lórí pápá. Ìyà tẹ́ ẹ ní wọ́n fi jẹ ẹ́ nìyẹn.

Baba_Àlàmú: Martin fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn ún. Ẹ má fi irọ́ kún un. Ẹ sì tún ti yí i padà sí "ẹ" wàyí. Ẹ̀rù ti ń bà yín.

Tóyìn_Kò_Gbà: Mo gbà, ẹ̀yìn ló dùn ún. Mi ò sọ pé Incognito ló ṣẹ́ ẹ lẹ́yìn. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká parí ọ̀rọ̀ "o" àti "ẹ" yìí. Ọdún wo ni wọ́n bí yín?

Baba_Àlàmú: 1968. Ó yá, ìwọ náà sọ tìẹ.

Tóyìn_Kò_Gbà: 1961.

Ẹ̀rín_Kèékèé: Yéè.

Jagunlabí: Yéè o.

Àdùkẹ́_Òru: Ẹ dákẹ́ ná, kí ọkùnrin yìí kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ tán.

Adéolú_Eré: Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè mi nípa Dolphins ńkọ́?

Àdùkẹ́_Òru: Wọ́n ní kì í ṣe ẹja.

Baba_Àlàmú: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, orúkọ "Tóyìn" yẹn ló tàn mí. Ẹ kú ìkàlẹ̀, mà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó wọ̀n ju 140 kílò, mà.