Ká Mọ Bí Ojú Ọ̀nà Ṣe Rí Ká Tó Gbéra

Èrò ọkàn mi lónìí dá lórí ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ lè rò pé kò kàn wá, ìyẹn eré síkì ọlọ́nà jíjìn tí wọ́n máa ń sá lórí yìnyín ní ilẹ̀ òtútù. Síkì ni ohun pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn tí wọ́n ń dè mọ́ bàtà ẹsẹ̀ méjèèjì láti fi yọ̀ lọ, pẹ̀lú ọ̀pá méjì lọ́wọ́. Ó kàn wá, nítorí pé àwọn ọmọ wa ti wà nídìí rẹ̀. Níbi ìdíje Olympic ìgbà òtútù tó wáyé ní Beijing lọ́dún 2022, Samuel Ikpefan ló ṣojú Nàìjíríà nínú eré síkì yìí, òun nìkan ṣoṣo sì ni eléré tí orílẹ̀-èdè wa rán lọ. Àwọn ọmọ wa tí kì í ṣe eléré ńlá náà ti ń forúkọ sílẹ̀ fún un níbi tí wọ́n ń gbé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Minnesota jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ẹni tó bá fẹ́ sá irú eré bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wádìí bí ojú ọ̀nà ṣe rí títí di òwúrọ̀ ọjọ́ eré gan-an, kí ó sì tẹ̀ lé ohun tí ìwádìí náà bá sọ fún un, ì báà tilẹ̀ jẹ́ pé kí ó jókòó sílé ni.

Ẹ wo bí ọ̀nà náà ṣe gùn tó. Vasaloppet, eré síkì ilẹ̀ Sweden tí wọ́n kọ́kọ́ sá lọ́dún 1922, jẹ́ kìlómítà 90 láti ẹ̀bá Sälen dé Mora. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ìbàdàn kò tíì rìn tó bẹ́ẹ̀. Lórí ọ̀nà tó gùn báyìí, yìnyín kì í rí bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí wọ́n bá ṣe gbéra ni wọ́n ń pọ́n òkè, Mora tí wọ́n ń parí eré sí sì rẹlẹ̀ ju ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lọ, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí yìnyín òkè gbẹ kí ó sì le, nígbà tí ti ìsàlẹ̀ ti ń yọ́ di omi. Ẹni tó bá wo ojú ọjọ́ ibi ìgbéra nìkan ti fi ibi tó kù sílẹ̀ láìwò.

Ìda tí wọ́n máa ń fi pa abẹ́ síkì ló jẹ́ kí n mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe jinlẹ̀ tó. Nínú irú síkì tí wọ́n ń ti ẹsẹ̀ síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń rìn, ìda tó wà lábẹ́ àárín síkì gbọ́dọ̀ di yìnyín mú nígbà tí ènìyàn bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tí síkì bá ń yọ̀ lọ. Àwọ̀ ni wọ́n fi ń dá ìda mọ̀: ewéko ni ti òtútù líle, búlúù ni ti òtútù tó mọ níwọ̀n, pupa sì ni ti ìgbà tí ojú ọjọ́ bá sún mọ́ òdo, níbi tí omi ti ń dì. Bí yìnyín bá ti yọ́ tó sì tún ti dì padà, kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí yóò ran eléré lọ́wọ́ dáadáa; èyí tó ń lẹ̀ típẹ́típẹ́, tí wọ́n ń pè ní klister, ni wọ́n ń lò. Ẹni tí ìda rẹ̀ bá le jù fún yìnyín ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò máa yọ̀ padà sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tó bá tẹ̀ ẹ́, apá nìkan ni yóò sì máa fi ọ̀pá fa ara rẹ̀ lọ. Bí ó bá sì rọ̀ jù, yìnyín yóò ṣù mọ́ ọn lábẹ́ síkì, kò ní lè yọ̀ rárá.

Lẹ́yìn ìda ni poro. Ẹ̀rọ ńlá kan ló máa ń tẹ́ yìnyín pẹrẹsẹ, tí yóò sì la poro méjìméjì tí ẹsẹ̀ síkì ń tọ̀. Bí ẹ̀rọ náà bá kọjá ní ìrọ̀lẹ́ tí òtútù sì mú lóru, poro náà yóò gan, yóò sì dúró dáadáa fún àárọ̀. Bí yìnyín tuntun bá bọ́ lé e lórí, tàbí tí ooru bá dé, poro ti dí nìyẹn. Níbi tí ọ̀nà bá ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sì yà, ẹsẹ̀ àwọn tó ti kọjá níwájú á ti pa poro rẹ́, á sì ku ojú dídán tí ń yọ̀. Níbi tí yìnyín bá ti fẹ́lẹ́, koríko àti òkúta á máa yọ orí jáde, òkúta wọ̀nyẹn a sì máa họ abẹ́ síkì. Ohun tó yẹ kí ènìyàn mọ̀ sílẹ̀ nìyí, kì í ṣe ohun tó yẹ kó já lù ú lójijì.

Ìdí nìyí tí ìròyìn ojú ọ̀nà kò fi wúlò bí kò bá ní ọjọ́ àti wákàtí lára. Ní gáréèjì Ìjẹ̀bú-Òde lákòókò òjò, awakọ̀ tó fẹ́ lọ sí Ìbàdàn kì í béèrè bí ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já èrò sílẹ̀ láti ibẹ̀, tí ẹ̀rọ ọkọ̀ rẹ̀ ṣì gbóná, ló máa ń bi pé: “Ẹ̀gbọ́n, níbo ni omi ti gba títì? Ṣé ọkọ̀ kékeré á lè kọjá?” Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa máa bi àwọn tó ń tọ́jú ọ̀nà síkì: ìgbà wo ni ẹ̀rọ kọjá kẹ́yìn, báwo ni òtútù ṣe mú lóru, ibo ni yìnyín ti fẹ́lẹ́? Àwòrán tó dára tí wọ́n yà níjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn kò dáhùn ọ̀kan nínú wọn.

Àwọn tó ń ṣètò eré wọ̀nyí fúnra wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà ṣeré. Wọ́n ti fagi lé Vasaloppet lọ́dún 1932, 1934 àti 1990 nítorí pé yìnyín kò tó. Ní Norway, níbi tí eléré Birkebeinerrennet ti ń gbé ẹrù kìlógíráàmù 3.5 sẹ́yìn gba orí òkè láti Rena dé Lillehammer, afẹ́fẹ́ líle ló dá eré dúró lọ́dún 2014. American Birkebeiner, tó máa ń la igbó Wisconsin kọjá láti Cable lọ sí Hayward, kò wáyé lọ́dún 2017 nítorí pé ojú ọ̀nà ti bàjẹ́. Lọ́dún 2024, nígbà tí yìnyín kò bọ́ tó, yìnyín tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe ni wọ́n tẹ́ sí ọ̀nà àyípo kan tó gùn ní kìlómítà 10, orí rẹ̀ ni àwọn eléré sì ń yí po. Mo bọ̀wọ̀ fún irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ gidigidi, nítorí ó máa ń dun ẹni tó ti múra fún ọdún kan gbáko, àwọn aláṣẹ náà sì mọ̀ pé yóò dùn ún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa ará ilé nìyí. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ lórí WhatsApp ẹbí wa pé òun lè má lọ sí eré síkì tí òun forúkọ sílẹ̀ fún bí ooru kò bá dín kù, ìyá wa kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó gbàdúrà fún un pé Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà, gbogbo wa sì ṣe àmín. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn àdúrà ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó ti sanwó, ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ọmọ Ìjẹ̀bú kì í sì í padà lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ yẹn kò dára, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹni tó wà nídìí iṣẹ́, tó rí ojú ọ̀nà, ló yẹ kó pinnu. Àwa tí a wà nínú oòrùn Ìjẹ̀bú kò gbọdọ̀ fi ìtìjú tàbí owó lé e lọ sórí yìnyín tó ti bàjẹ́. Mo ti bá àwọn àgbà sọ ọ́, wọ́n sì ti gbà: bí ó bá pè wá láàárọ̀ ọjọ́ eré pé òun kò sá mọ́, ẹbí ni yóò dá owó ọkọ̀ tó ti san padà fún un.