Táyà alùpùpù tó pẹ́ jù kọ́ ló dára jù

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri láàárín àwọn tó ń gun alùpùpù pé táyà tó bá tètè jẹ, ayédèrú ni, pé èyí tó bá pẹ́ jù ló dára jù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, irú èrò yìí sì lè gbé èèyàn ṣubú.

Rọ́bà tó rọ̀ máa ń wọnú gbágungbàgun kéékèèké ojú títì, ohun tó fi ń di ilẹ̀ mú nìyẹn. Bó sì ṣe ń di ilẹ̀ mú náà ló ń jẹ. Rọ́bà líle kì í tètè jẹ, àmọ́ ó máa ń yọ̀ jù ú lọ, pàápàá nínú òjò àti òtútù. Ẹni tó ń rìnrìn àjò jíjìn lójú ọ̀nà tó tọ́ lè mú èyí tó le díẹ̀. Tí kọ́ńà bá pọ̀ lọ́nà yín, tàbí tí òjò ń bá yín lórí alùpùpù lemọ́lemọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí pé ó máa pẹ́ ra táyà líle.

Àwọn táyà kan wà tí àárín wọn le, tí ẹ̀gbẹ́ wọn rọ̀. Àárín ló ń gbé alùpùpù lọ́nà tó tọ́, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbé e ní kọ́ńà. Irú èyí ni mo fara mọ́ jù.

Ojú táyà tó ṣì jinlẹ̀ kò ní kí rọ́bà má gbó o. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àmì DOT tí wọ́n kọ sára ẹ̀gbẹ́ táyà kí ẹ lè mọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019.