Double orí Uno kì í ṣe double inú MATLAB

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ ọ́ pé tí kóòdù bá ti ṣiṣẹ́ nínú MATLAB (ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà), kéèyàn kàn tún un kọ ní C (èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù), kó fi double (irú nọ́ńbà onídẹ́símà) pe àwọn nọ́ńbà rẹ̀, èsì kan náà ni Arduino Uno R3 (pátákó kọ̀ǹpútà kékeré) máa gbé jáde. Ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Báìtì (ìwọ̀n ààyè ìrántí) 8 ni double nínú MATLAB. Lórí Uno R3, báìtì 4 péré ni, kò fi nǹkan kan ju float (nọ́ńbà onídẹ́símà tó kéré) lọ. Int (nọ́ńbà odidi) ló tún wá burú jù, torí 32767 ló ti parí. Ẹ kọ int a = 200, kí ẹ wá ṣe a * a. 40000 lẹ ń retí, -25536 ló máa já sí. Ẹ̀rọ náà ò ní pariwo, ìṣirò á kàn máa lọ. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, torí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ á máa rò pé sensọ̀ òun ló bàjẹ́. Long (nọ́ńbà odidi tó gba iye tó tóbi ju ti int lọ) ni kí ẹ lò níbẹ̀.

Ìrántí ńkọ́? SRAM rẹ̀ (ibi tó ń kó nọ́ńbà sí nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́) ò ju báìtì 2048 lọ. Float 1000 nìkan á gba 4000. Ẹ máa ṣírò nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń wọlé, ẹ má kó wọn jọ.